Kí Ni A Ń Pè Ní Àdìrẹ?

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí ẹ wà ní Kánò, bí ọjọ́ àṣà wa bá ti ń sún mọ́, ọ̀rọ̀ ankó ni ó máa ń gba ẹnu wa, àdìrẹ ni a sì sábà máa ń mú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n ń tà fún wa lábẹ́ orúkọ yìí kò fojú kan ìkòkò aró rí. Ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́, láti ilẹ̀ òkèèrè bíi Ṣáínà ni ó sì ti ń wọlé. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Orúkọ náà ti túmọ̀ ara rẹ̀: a dì í, a sì rẹ ẹ́ sínú aró. Aṣọ tí a kò dì, tí a kò sì rẹ, kí ni ó sọ ọ́ di àdìrẹ?

Ewé ẹ̀lú ni ìpìlẹ̀ aró wa. Igi afàmọ́ra inú igbó ni. Àwọn ìyá wa a já ọ̀mùnú ewé rẹ̀, wọn a gún un nínú odó, wọn a ṣù ú, wọn a sì sá a sí oòrùn. Wọn a sẹ́ omi eérú nínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, wọn a kó ẹ̀lú sínú omi náà, yóò sì kan fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó di aró. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọ̀ ewéko ni ó máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aláró. Kí ó tó dúdú dáadáa, a ó rì í léraléra.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Ìyẹ́ adìẹ ni aládìrẹ fi ń ya á, pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún tí ó ní álọ́ọ̀mù nínú. Ojú kan ṣoṣo ni ó ń yà, nítorí náà ẹ̀yìn aṣọ a máa gba aró ju iwájú lọ. Ibi tí ẹ̀kọ bò kì í sábà funfun báláú. Aró díẹ̀ a yọ́ wọ ibẹ̀. Òpó kan kì í sì bá èkejì dọ́gba, nítorí ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹ wá mú ayédèrú rẹ̀: gbogbo òpó rẹ̀ dọ́gba bí ìwé tí a dà kọ. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ó ṣì, ojú nìkan ni ó ní.

Àwọn kan yóò ní owó ni kò jẹ́. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ wọ́n, aró ẹ̀lú sì máa ń ṣí sí ara. N kò sì ní kí a kọ aró òyìnbó. Ní 1936, nígbà tí Aláké Ladapo Ademola ka aró òyìnbó àti sódà léèwọ̀ fún àwọn aláró Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin náà kò gbà. Wọ́n jà fún iṣẹ́ wọn. Aró òyìnbó lọ́wọ́ aládìrẹ, àdìrẹ ṣì ni, nítorí ó dì í, ó sì rẹ ẹ́. Irọ́ tí ẹ̀rọ ń pa ni mo ń bá wí.

Ẹ wo àwọn tí ó gbà wá lálejò. Ní Kofar Mata, níbi tí wọ́n ní a ti ń rẹ aṣọ láti 1498, ihò aró mélòó kan ṣì ń ṣiṣẹ́. Ihò ilẹ̀ ni tiwọn, ìkòkò ni tiwa. Ọkùnrin ni aláró wọn, obìnrin ni tiwa. Ewé tí wọ́n ń pè ní baba ni wọ́n ń lò. Ẹ mú àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀, kí wọ́n fojú rí bí aṣọ ṣe ń yí àwọ̀ padà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sí Òṣogbo, níbi tí Nike Okundaye ti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1983.

Ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ aláṣọ ni pé, bí agbára wa kò bá ká yáàdì márùn-ún àdìrẹ gidi, kí a ra ìborùn tàbí fìlà rẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí a má pè é ní àdìrẹ lójú àwọn ọmọ tí a bí sí òkè ọya. Ohun tí a bá pè é fún wọn ni wọn yóò mọ̀ ọ́n sí.

Kí ìkòkò aró má fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àṣẹ.