Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Lórí Ìbánisọ̀rọ̀ Ọlọ́pọ̀ Áńtẹ́nà àti Ilẹ̀ Awoyaya

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá ìmọ̀ ọlọ́pọ̀ áńtẹ́nà mu wẹ́kú. Bí ìgbì rédíò bá kúrò lórí máàsì, yóò kọlu ògiri, òrùlé àti ọkọ̀, yóò sì gba ọ̀nà púpọ̀ dé inú fóònù. Àléébù ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ka èyí sí tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìgbì kan a máa ba òmíràn jẹ́. Ní ọdún 1996, Gerard Foschini ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò hàn pé bí áńtẹ́nà bá ju ẹyọ kan lọ níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ àti níbi tí a ti ń gbà á, ọ̀pọ̀ ọ̀nà yìí lè ru ọ̀pọ̀ ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2010, Thomas Marzetta dábàá pé kí áńtẹ́nà orí máàsì pọ̀ jìnnà ju iye fóònù tí ó ń dá lóhùn lọ.

Ìmọ̀ yìí ti dé Nàìjíríà. Àjọ NCC ta ẹ̀tọ́ lílo ìgbì 3,500 megahertz ní oṣù Kejìlá, ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ MTN sì gbé ìran karùn-ún tí a mọ̀ sí 5G jáde fún ará ìlú ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022. Ọlọ́pọ̀ áńtẹ́nà ni a sábà ń lò fún irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi ìwádìí àwọn onímọ̀ wa ni pé: ilẹ̀ ta ni wọ́n fi wọn ìgbì náà?

Okumura wọn ìgbì ní Tokyo àti àyíká rẹ̀, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1968. Hata sọ èsì náà di fọ́múlà ní 1980. Fọ́múlà yìí ni ọ̀pọ̀ aṣèwádìí ní Nàìjíríà ṣì fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Àbùkù méjì ni ó wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun yìí. Èkínní, láti 150 dé 1,500 megahertz ni agbára rẹ̀ mọ. Èkejì, ó ń sọ bí ìgbì ṣe ń rẹ̀ sí i bí ó ti ń jìnnà sí máàsì, ṣùgbọ́n kò sọ iye ọ̀nà tí ìgbì gbà dé. Bẹ́ẹ̀ iye ọ̀nà náà gan-an ni ọlọ́pọ̀ áńtẹ́nà gbójú lé.

Awoyaya wà lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, láàrin ọ̀sà àti òkun. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ilẹ̀ onípáànù, ẹ́síteètì olódi, àbàtà àti ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Níbi tí nǹkan tí ìgbì lè kọlù kò bá pọ̀, ọ̀nà kò ní pọ̀. Áńtẹ́nà lè darí ìgbì síbi tí a fẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù tí fóònù kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní pọ̀ tó bí ìṣirò ti wí.

Lóòótọ́, àwọn fọ́múlà tuntun tí ó kó ìgbì yìí mọ́ra ti wà. Síbẹ̀, télọ̀ kì í wọn ẹ̀gbọ́n kí ó rán aṣọ fún àbúrò. Bí a bá ṣi ìgbì wọ̀n, a ó ṣi máàsì gbé kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò tí ó ra dátà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn aṣèwádìí wa gbé ẹ̀rọ ọlọ́pọ̀ áńtẹ́nà dé Awoyaya, kí wọ́n wọn ìgbì nínú ilé àti níta, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tó ṣe ìdájọ́.