Odò àti Òkè nínú Máàpù Ìtàn Àròsọ: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Tolkien

Omi kì í ṣàn gun òkè. Ohun kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń gbójú fò nígbà tí wọ́n bá ń ya máàpù ayé tí wọ́n fi ọkàn dá. J. R. R. Tolkien kò sí lára wọn. Máàpù ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì mú ìtàn bá a mu. Christopher, ọmọ rẹ̀, ni ó ya èyí tí ó jáde nínú The Lord of the Rings ní 1954 sí 1955. Nínú rẹ̀, àríwá ni odò Anduin ti ń bọ̀. Àwọn odò kéékèèké ń ti ara òkè gbọọrọ tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀, ó sì ń fẹ̀ sí i títí ó fi wọ òkun ní gúúsù.

Mordor ni ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. Òkè sé ilẹ̀ náà mọ́ ní ìhà mẹ́ta, igun wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí igun ilé. Wọ́n lè wí pé odi fún ọ̀tá ni ìtàn ń fẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó mọ òkè náà, kì í ṣe ilẹ̀.

Síbẹ̀, kí lámèyítọ́ má ṣe yára pe máàpù ní irọ́. Bí òǹkọ̀wé kan bá ya odò tí orísun rẹ̀ kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí òkun, tí ó kọ ẹ̀yìn sí òkun náà, tí ó lọ sí etí aṣálẹ̀, tí ó fọ́n káàkiri pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí ó tún kó ara jọ, tí ó wá yí sí gúúsù, ta ni yóò gbà á gbọ́? Odò Ọya nìyẹn, tí ó ń rin nǹkan bí 4,180 kìlómítà láti Guinea dé Nàìjíríà. Ní 1798, James Rennell, ayàmáàpù Gẹ̀ẹ́sì, ya Òkè Kong sí gúúsù odò yìí, ó sì fi gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé odò náà kò dé òkun. Òkè náà bá ọgbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Àwọn ayàmáàpù mìíràn ń dà á kọ títí Binger, ará Faransé, fi rin ilẹ̀ náà láàárín 1887 sí 1889.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ti rí báyìí, kí ni omi yóò ṣe? Tolkien dáhùn èyí ní Mordor pàápàá. Àwọn odò inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà dé òkun. Adágún Núrnen ni wọ́n ń wọ̀, adágún náà kò sì ní ìṣàn jáde. Òǹkọ̀wé sọ pé omi rẹ̀ korò.