Ojú Kan Tó Ríran Jìnnà
Ní 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, wọ́n pe Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ olójú kan, wá wo ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, tòkè tìsàlẹ̀. Nígbà tó rí irú rẹ̀ lára ọmọ mìíràn, ara fu ú. Owó táṣẹ́rẹ́ ló fi fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ káàkiri Áfíríkà. Ní 1961, òun àti ọ̀rẹ́ méjì wa ọkọ̀ àlòkù rin nǹkan bí 10,000 máìlì, láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn: ṣé ẹ rí irú èyí níbí? Jẹjẹrẹ ni wíwú náà. Kò sí ẹ̀rọ ìtànṣán ní Mulago láti fi tọ́jú rẹ̀, nítorí náà oògùn ni Burkitt gbójú lé. Jẹjẹrẹ náà sì lọ pátápátá lára àwọn ọmọ kan.