Akin Tí Kò Mọ Ìsá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń múra láti wọ iṣẹ́ ológun òfurufú. Nígbà tí ó wá dágbére fún wa ní Ìkìrun, àwọn ìyá ilé kì í títí orí rẹ̀ fi wú. Wọ́n ní ọmọ ajagun-má-wẹ̀yìn ni. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, bí mo bá dé ojú ọ̀run, n kò ní wẹ̀yìn láé." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni n kò pàtẹ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ti ọmọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ki akin ni, àti bí a ṣe ń pa ìtàn ogun fún àwọn ọmọ wa.

Àwọn tí ń fi bàálù jagun ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Ní ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Oswald Boelcke ṣe òfin mẹ́jọ fún àwọn awakọ̀ tí ó ń kọ́. Ìgboyà wà nínú òfin náà: ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìkọlù kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láàbọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ kí o tó kọlu ọ̀tá. Ẹ̀yìn ni kí o gbà yọ sí i. Má yìnbọn àfi bí o bá sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Má gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bí o bá sì wà lórí ilẹ̀ ọ̀tá, má gbàgbé ọ̀nà tí ìwọ yóò gbà padà. Àwòdì ti mọ èyí tipẹ́. Kì í pariwo kí ó tó gbé òròmọdìẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tí a já lulẹ̀ láti ojú ọ̀run nínú ogun náà ni kò rí ẹni tí ó pa wọ́n.

Ẹ wo bí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí fúnra wọn ṣe kú. Boelcke ti kìlọ̀ pé kí ènìyàn púpọ̀ má dà bo ọ̀tá kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1916, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Erwin Böhme, ń lé ọ̀tá kan náà; bàálù àwọn méjèèjì fara kan ara, Boelcke já lulẹ̀, ó kú. Manfred von Richthofen, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣẹ́gun bàálù 80. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1918, ó lé ọ̀dọ́ awakọ̀ kan wọ orí ilẹ̀ ọ̀tá, ó fò sílẹ̀ jù, ọta ìbọn bà á. Ẹni ọdún 25 ni. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí a tó bí i: akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ.

Nílé wa níhìn-ín náà, nígbà ogun Biafra, Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden, kó bàálù kéékèèké márùn-ún wá fún àwọn Biafra. Ìjọba àpapọ̀ ní MiG-17 tí eré rẹ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì. Von Rosen kò wá ẹni tí yóò bá wọ̀yá ìjà lójú ọ̀run. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ó fò súnmọ́ orí igi kí wọ́n má baà rí i, ó kọlu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt, ó sì padà sílé. N kò yin ogun náà. Ta ni yóò yìn ín nínú àwa tí ó ṣojú wa? Ọgbọ́n ibẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ogun tiwa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n kó sòdí, ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní Ìkìrun. Nígbà tí àwọn tí a ṣẹ́ ń sá, odò Ọ̀tìn dí wọn lọ́nà. Púpọ̀ já sínú omi, wọ́n sì kú síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ yìí kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó gbóyà. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn kan dé ojú ogun, ọ̀nà àbọ̀ kò sì sí fún wọn. Ìkìlọ̀ ni orúkọ náà. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ? Orí tí a gé àti ẹṣin tí a gbà nìkan ni a ń kà.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé kì í ṣe iṣẹ́ oríkì láti kọ́ni ní ọgbọ́n ogun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú orí ẹni wú. Mo gbà. Karin Barber, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1991 lórí oríkì Òkukù, fi hàn pé oríkì kì í to ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ńṣe ni ó ń kó orúkọ jọ, tí ìtàn tí ó bí orúkọ kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́tọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Oríkì kò ṣẹ̀. Àwa àgbà ni a jẹ́ kí oríkì máa dá rìn láìsí ìtàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn jagunjagun tí a ń kì yẹn, wọ́n ní àfẹ́ẹ̀rí lára. Ta ni yóò wá oògùn àìrí bí kò bá mọ̀ pé ẹni tí a rí ni a ń pa? Ọmọ tí a kò sọ èyí fún yóò rò pé igbe àti àyà nìkan ni àwọn baba òun fi ṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú ọmọ náà lọ sí etí odò Ọ̀tìn, mo sì pa ìtàn Jálumi fún un láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó sá. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ṣé wọn kò mọ̀ pé odò wà lẹ́yìn ni?" Mo ní ìbéèrè tí ó yẹ kí ó máa bi ara rẹ̀ lójú ọ̀run nìyẹn.

Nígbà tí ó ń lọ, àwọn ìyá tún kì í. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń ṣí, ohun tí gbogbo wọn fi ìkẹyìn wí ni, "Àlọ re, àbọ̀ re o." Àdúrà náà ti mọ ohun tí oríkì kò sọ. Mo ṣe àmín rẹ̀ sókè.