Ọ̀wọ́ Atọ́ka àbí Atọ́ka Ọ̀wọ́? Àríwísí lórí Ìwé Kernighan àti Ritchie

Ìwé tí Brian Kernighan àti Dennis Ritchie kọ lórí èdè C jáde ní 1978. Ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde ní 1988. Èdè kọ̀ǹpútà ni C, ṣùgbọ́n orí karùn-ún ìwé náà kan àwa olùkọ́ Yorùbá, nítorí pé ọ̀rọ̀ èdè-ìperí ni ó wà nídìí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí àwọn òǹkọ̀wé náà lò níbẹ̀ dára púpọ̀. Ètò kan ń ka ìlà ọ̀rọ̀, ó sì ń tò wọ́n ní ìlànà a, b, d. Kò ṣí ìlà kankan nípò; atọ́ka tí ó ń sọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan wà ni ó ń pààrọ̀ àyè. Ká ní olùdánwò fi ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lórí pẹpẹ, tí ó kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sórí ìwé pélébé, àwọn ìwé pélébé yìí nìkan ni yóò máa tò. Àpapọ̀ wọn ni ọ̀wọ́ atọ́ka.

Ibi tí a ti fẹ́ bá wọn wíjọ́ ni ibi tí wọ́n ti fi ọ̀wọ́ náà lé fọ́ńṣọ̀n (ẹ̀ka ètò tí a yan iṣẹ́ kan fún) lọ́wọ́. Nínú ẹ̀dà kejì, wọ́n kọ ọ́ báyìí:

void writelines(char *lineptr[], int nlines)

Ẹni tí ó bá rí àmì [] yóò rò pé odindi ọ̀wọ́ ni fọ́ńṣọ̀n gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì atọ́ka àkọ́kọ́ nìkan ni ó gbà. char **lineptr ni ó jẹ́ ní ti gidi. Ìdí nìyí tí nlines fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí pé fọ́ńṣọ̀n kò lè mọ iye atọ́ka tí ó wà nínú ọ̀wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lo sizeof nínú fọ́ńṣọ̀n láti wọn ọ̀wọ́ náà yóò rí ìwọ̀n atọ́ka kan ṣoṣo, a ó sì fún un ní òdo. Ṣé ẹ̀bi tirẹ̀ nìkan ni?

Àwọn òǹkọ̀wé náà kò ṣàìmọ̀. Ní 1988 wọ́n ní ọ̀nà tí ó ní ìràwọ̀ ni àwọn fẹ́ràn jù, nítorí pé ó fi hàn gbangba pé atọ́ka ni. Síbẹ̀, nínú ẹ̀dà kan náà, [] ni wọ́n fi kọ writelines! Ní 1993, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìtàn èdè C, Ritchie fúnra rẹ̀ gbà pé bí àmì yìí ti ń la òǹkàwé lójú náà ni ó ń da akẹ́kọ̀ọ́ lójú rú.

Ní ti ètò ọ̀rọ̀, Yorùbá sàn ju C lọ níhìn-ín. Nínú àpólà-orúkọ wa, orí ni ó ń ṣáájú, ẹ̀yán a sì tẹ̀ lé e. Ọ̀wọ́ atọ́ka kì í ṣe atọ́ka ọ̀wọ́. Nínú C, àkámọ́ nìkan ni ó ya *v[10] sọ́tọ̀ sí (*v)[10]. Òǹkàwé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lára orúkọ tí ó wà láàárín, kí ó lọ sí ọ̀tún, kí ó tó padà sí òsì.

Ṣùgbọ́n kí á má tí ì yọ̀. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ́ni wa pé 'a fi ọ̀wọ́ atọ́ka ránṣẹ́ sí fọ́ńṣọ̀n', àṣìṣe [] náà ni a tún ṣe ní èdè tiwa. Lérò tiwa, 'a fi àdírẹ́sì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ atọ́ka àti iye rẹ̀ lé fọ́ńṣọ̀n lọ́wọ́' ni ó tọ̀nà. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó yẹ kí olùdánwò máa wá nínú ìdáhùn.