Àìná Ọnàbolú àti Ọ̀rọ̀ Ọnà Àjogúnbá

Láàrin àwọn Yorùbá, orúkọ tí "Ọnà" ṣíwájú a máa tọ́ka sí ìdílé ọlọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Àìná Ọnàbolú rí, ẹni tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ àgbà ilé ni ó ti gba iṣẹ́ àwòrán yíyà. Àwòrán inú ìwé ìròyìn Òyìnbó ni ó ń wò yà láti ìgbà èwe. Ní 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, nígbà tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó ṣì ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe irú rẹ̀. Ó di 1920 kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn kan ń bu Ọnàbolú pé ó kọ ogún baba sílẹ̀, ó ń fara wé Òyìnbó. Ẹ̀sùn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Làmídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí ó jẹ́ ìran karùn-ún nínú ilé àwọn agbẹ́gilére. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọ a ti mọ ọ̀bẹ kí ọgbọ́n rẹ̀ tó mọ ère. Síbẹ̀, nígbà tí Fákẹ́yẹ ń wá ìjìnlẹ̀ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ Bándélé ọmọ Aréògún ni ó lọ, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣọ̀nà jọ. Àní ọmọ ilé ọnà pàápàá jáde nílé kí ó tó mọṣẹ́ dójú àmì.

Ọnàbolú sọ ilé-ìwé di agbo ilé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú ju èyí tí ó sún mọ́ni, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní "Mr. Perspective". Òun náà ni ó rọ ìjọba láti wá olùkọ́ mìíràn, tí Kenneth Murray fi dé ní 1927. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ yíjú sí iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Ohun tí Ọnàbolú ń fẹ́ kọ́ ni ojú tí ń ríran. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Murray ni a sábà ń yìn.

Ibi tí a lè bá Ọnàbolú wí ni pé àwọn gbajúmọ̀, bíi Dókítà Sápárà, ni ó gba ọ̀pọ̀ àyè nínú àwòrán rẹ̀.

Ní 1963 tí ó kú, ọmọ rẹ̀ Dàpọ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Nigeria Magazine. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ó kọ́ ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ dé ọwọ́ wọn.