Omi Dànù, Agbè Náà Fọ́: Iṣẹ́ Ai Weiwei Lórí Àwọn Ọmọ Sichuan

Bí ọmọdé bá kú ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wá bá òbí rẹ̀ dárò kì í pọ̀. Wọn a ní, “Omi ló dànù, agbè kò fọ́”. Wọn a gbàdúrà kí Ọlọ́run fi òmíràn rọ́pò. Wọn a sì dìde. Láti ọjọ́ náà lọ, a kì í dédé pe orúkọ ọmọ náà lójú ìyá rẹ̀ mọ́. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í gbé e jó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà, òun ló sì fà á tí iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí fi kọ́kọ́ dà bí ohun tí kò yẹ lójú mi. Ai Weiwei, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ló ṣe é.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjì kí agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán lù, ilẹ̀ mì tìtì ní ìpínlẹ̀ Sichuan. Àwọn tó kú lé ní 69,000. Àwọn tí a kò rí mọ́ tó nǹkan bí 18,000. Àkókò ẹ̀kọ́ ni, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé ẹ̀kọ́ wó lé wọn lórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé mìíràn tó wà nítòsí dúró. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀: doufuzha, èèrí tí ń ṣẹ́ kù nígbà tí a bá ń ṣe wàrà ẹ̀wà sóyà. Ilé èèrí! Nígbà tí àwọn òbí bèèrè ẹni tó kọ́ ilé èèrí fún ọmọ wọn, àwọn aláṣẹ dí wọn lẹ́nu.

Ẹ tún wo èyí. Òfin ọmọ kan ṣoṣo ni ilẹ̀ Ṣáínà ń lò nígbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wọ̀nyí kò ní ju ẹni tó kú lọ. Kí oṣù náà tó parí, àwọn aláṣẹ ìlú Chengdu kéde pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lè gbàṣẹ láti bí òmíràn. Mo ka èyí, mo sì rí i pé òwe wa ni wọ́n fi tù wọ́n nínú láìmọ̀: agbè kò fọ́, ẹ lọ pọn omi mìíràn. Ní ti iye àwọn ọmọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí ìjọba tó sọ ọ́: akẹ́kọ̀ọ́ 5,335 ló kú tàbí tó sọnù.

Ai Weiwei kò dúró de ìjọba. Láti òpin ọdún 2008 ni òun àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, iléèwé àti kíláàsì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, wọ́n lù ú lórí ní Chengdu nígbà tó lọ jẹ́rìí fún Tan Zuoren, tí òun náà ń wádìí ikú àwọn ọmọ. Orúkọ tí wọ́n kó jọ lé ní 5,000. Láti inú ìwádìí yìí ni iṣẹ́ mẹ́ta tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ti jáde. Àwòrán ni mo fi rí méjì. Etí ni mo fi gbọ́ ẹ̀kẹta.

Èkíní ni èyí tó gbé kọ́ iwájú ilé ìṣàfihàn Haus der Kunst ní Munich, ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 2009. Báàgì iléèwé 9,000 ló tò pọ̀, tí àwọ̀ wọn fi di lẹ́tà Ṣáínà gàdàgbà. Ọ̀rọ̀ ìyá kan ni wọ́n kọ, pé ọmọbìnrin òun fi ọdún méje gbé ilé ayé yìí tayọ̀tayọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwa tí ń kọ́ èdè kò gbọdọ̀ fò: guo. Iṣẹ́ tí “rí” ń ṣe nínú “mo dé ibẹ̀ rí” ni guo ń ṣe: ó ní nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ó sì ní ó ti parí. Ìyá náà kò sọ pé ọmọ òun kú. Ó ní ọmọ òun gbé ayé rí. Ẹkún ni, ẹ̀rí sì ni. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan bá iṣẹ́ náà rò. Ó lẹ́wà jù. Báàgì tuntun ni wọ́n, kò sí èyí tí ọmọ kan gbé lọ sí iléèwé rí. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà lè dúró níwájú wọn kí ó máa yin àwọ̀ wọn.

Èkejì, tí a lè pè ní Títọ́, gbà á ní ọdún mẹ́rin, láti 2008 sí 2012. Ó ra irin tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ́ sínú kọnkéré, èyí tí ilé wíwó ti lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì fi ọwọ́ lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi tọ́ padà. Nǹkan bí 150 tọ́ọ̀nù ni. Wọ́n tò ó ní ìpele-ìpele bí ilẹ̀ tó là. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2015, orúkọ àwọn ọmọ wà lára ògiri. Èyí wọ̀ mí lọ́kàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò sunkún; ìbéèrè ló ń béèrè. Síbẹ̀ àléébù kan kò kúrò lára rẹ̀: ẹni tó bá jáde níbẹ̀, orúkọ Ai Weiwei ni yóò rántí.

Nítorí náà ẹ̀kẹta ni mo gbé ga jù. Nian ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2010 ló jáde. Kò sí báàgì, kò sí irin. Àwọn ènìyàn tó yọ̀ǹda ohùn wọn ló ń ka orúkọ àwọn ọmọ náà, ó sì lé ní wákàtí mẹ́ta. Nínú èdè Ṣáínà, nian ni kí a ka nǹkan sókè. Nian náà ni kí àárò ẹni máa sọni. Èdè olóhùn sì ni, bíi tiwa: bí ohùn bá yẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni a pè. Nítorí èyí, olùkà kò lè kà á wàdùwàdù. Ó níláti pè é bí wọ́n ti ń pe ọmọ náà nílé. Àwọn kan yóò ní ó gùn jù, pé kò sí orin nínú rẹ̀. Èmi pàápàá dá a dúró nígbà àkọ́kọ́, kí n tó padà sí i. Gígùn náà gan-an ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Lójú ìwé, ìṣẹ́jú kan kò pé tí a fi ka 5,335. Ní etí, odindi ọ̀sán kan ni.

Àgbà yóò bi mí pé, ṣé kí a wá pa àṣà wa tì ni? Rárá o. Ìyá tí ibà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nílò ìdákẹ́jẹ́ wa, nítorí àánú ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ló ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni ikú òde. Ilé èèrí ni ikú ilé. Níbi tí ọwọ́ ènìyàn bá wà nínú ikú ọmọ, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àánú mọ́. Ọ̀daràn ló ń bò láṣìírí.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí iléèwé kan wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì ní Èkó, ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Ilẹ̀ kò mì lọ́jọ́ náà. Ta ni nínú wa ló lè pe orúkọ ọ̀kan nínú wọn? Ìbéèrè tí Nian fi sílẹ̀ fún mi nìyí, mo sì gbé e ka iwájú ẹgbẹ́.